Òkè Tí Adéníjì Sọ Pé Òun Gùn

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

A kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí ó tó bíni lọ́mọ. Ilé ni a ti ń kọ́ èyí kí a tó dé ilé-ìwé. Ọ̀gbẹ́ni Adéníjì kò kọ́ ọ níbì kankan. Ní ìpàdé àwọn onílé Igbó-Elérin lónìí, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ níwájú àwọn àgbà, ó sì kéde pé ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù tí ń bọ̀, òun yóò kó àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lọ gun òkè ní Igbó Ọba Gashaka-Gumti, ní ẹ̀bá ààlà Kamẹrúùnù. Ó ní òun ti gùn ún rí, pé òun mọ ọ̀nà ibẹ̀ bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Mo bi í pé ọdún wo ni.

Ó ní, “Ẹ fara balẹ̀ ná, Mà. Ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, ọkùnrin tí ń tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe ní Ọjà Àlàbá ni ó ní kí n fara balẹ̀.

Kì í ṣe èyí gan-an ni kò jẹ́ kí n jẹun alẹ́. Ó sọ ìtàn kan fún wọn. Ó ní ṣòkòtò òun ya ní orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà, láti ìbàdí dé orúnkún, tí òun fi yá ìró obìnrin ró, tí òun sì ró o sọ̀kalẹ̀ lójú àwọn ìnàkí. Àga ẹnì kan ṣubú nítorí ẹ̀rín.

Nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe òun ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Síkẹ́ẹ̀tì tèmi ni ó ya. Bàbá Bùnmi, olóògbé ọkọ mi, bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ fún mi, ó ró ìró tí a fi ń bora, ó sì sọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Èmi, òun àti Sẹ̀gilọlá ọ̀rẹ́ mi nìkan ni a wà níbẹ̀. A sì bára wa sọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ jáde.

Ṣọlápé, ọmọ ọmọ mi, ni ó kọ́kọ́ nawọ́ pé òun yóò lọ.

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò láti àárọ̀. Tòmátì ti di ohun tí a ń fi ojú wò lásán. Mo bá Ṣọlápé ní ilé ìdáná, ó ń fọ àwo tí ẹnikẹ́ni kò ní kí ó fọ̀. Mo dúró wò ó.

“Màmá, ẹ ẹ̀ ní bú mi o.”

“Bí n kò bá ní bú ọ, kí ló dé tí o ti ń kúnlẹ̀?”

Ó ní òun ti fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Búọ̀dá Níjì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ní yunifásítì ní Ìyànà-Ìbà náà yóò lọ. Bùnmi ìyá rẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Gbogbo ilé ti mọ̀, èmi ni mo kù. N kò fẹ́ràn ohun tí gbogbo ilé bá mọ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ sí Okokomáíkò lọ bá Sẹ̀gilọlá. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi kí n tó wọ ilé. N kò gba omi tí ó gbé wá.

Mo ní, “Sẹ̀gilọlá, ta ni o sọ ọ̀rọ̀ síkẹ́ẹ̀tì mi fún?”

“Síkẹ́ẹ̀tì wo?”

“Èyí tí ó ya.”

Ó wò mí títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín débi tí ó fi di igi àga mú. “Bímpé! Èmi tí mi ò rántí ohun tí mo jẹ lánàá! Ìwọ ni o rán mi létí rẹ̀ yìí o. Mo ti gbàgbé pátápátá. Ah, Bàbá Bùnmi nínú ìró! Ó tún ń fi ọwọ́ kan gbá a mú bí ìyàwó tuntun!”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.”

“Ìwọ kò mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rí. Ẹni tí ó ń bá ìnàkí wí ní orí òkè! O ò rántí? O dúró síta, o ní kí wọ́n yé pariwo kí ilẹ̀ tó mọ́, pé ìwà wo nìyẹn!”

Mo jẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. N kò rí ẹ̀bi lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú Sẹ̀gilọlá kì í fi nǹkan hàn, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí láti ìgbà tí a ti wà ní ilé-ìwé. Mo wá sọ fún un pé Adéníjì ni ó ń sọ ìtàn náà kiri, àti pé ó fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀.

“Oṣù wo?”

“Oṣù Kẹwàá.”

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. “Oṣù Kẹwàá kẹ̀? Odò ńkọ́?”

Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, n kò fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ ọ́. Títí oṣù Kẹwàá fi ń parí, àwọn odò tí ó wà lọ́nà òkè náà kún dé bèbè. Kérésìmesì ni a máa ń lọ, nígbà tí ọyẹ́ ti fa omi náà sílẹ̀, ìgbà náà pàápàá a máa ń di ọwọ́ ara wa mú kí a tó kọjá. Ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀ rí kò lè yan oṣù Kẹwàá.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò kò jẹ́ kí n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Iná kò sí. Mo jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ìrántí òkè náà sì bò mí.

Òtútù ni ó máa ń jíni níbẹ̀, kì í ṣe àkùkọ. Bí a bá yọ orí síta láti inú àgọ́, ayé ìsàlẹ̀ kò sí mọ́. Kùrukùru funfun ni ó tẹ́ lọ bí òwú tí wọ́n sá, àwọn orí òkè kéékèèké sì yọ jáde láàárín rẹ̀ bí ẹni tí ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Bàbá Bùnmi á ti dá iná. Kò gbà kí ẹlòmíràn po tíì lórí òkè. Ó ní tíì tí obìnrin pò ní Èkó ni òun ń mu láti oṣù Kìíní dé oṣù Kọkànlá, kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fi ìgbà Kérésì po tòun. Tíì rẹ̀ kì í dùn. A máa ń mu ún tán.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ìnàkí yóò bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àfonífojì. Ọ̀kan á kọ́kọ́ hó, òmíràn á gbà á ní òdìkejì, títí gbogbo igbó á fi kún fún ariwo bí ọjọ́ tí olùkọ́ kò sí ní kíláàsì. Ìgbà tí a bá gòkè kọjá àwọn igi, orí pápá gíga ni. Koríko ga dé àyà, afẹ́fẹ́ sì ń da á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo ṣubú níbẹ̀ lọ́dún kan, orúnkún mi bó. Obìnrin Fúlàní kan tí ó ń da màlúù rí wa. A kò gbọ́ èdè ara wa. Ó mú mi jókòó, ó fi ọ̀rá pa ojú ọgbẹ́ náà, ó ń bú mi ní gbogbo ìgbà tí ó fi ń pa á bí ẹni pé àbúrò rẹ̀ ni mí, ó wá gbé wàrà fún mi nínú igbá. N kò mu wàrà tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní ilé, Ìyá Bùnmi ni ọkọ mi ń pè mí. Bí a bá ti kọjá odò àkọ́kọ́ báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Bímpé, lójú gbogbo ènìyàn. Fún ọdún mẹ́rìnlá tí a fi lọ, n kò bá a wí lẹ́ẹ̀kan.

Bí ẹnì kan bá ti jí èyí lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ mọ ẹni náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Rédíò mi tí ó ti kú láti ọdún tó kọjá padà wálé, ó ń sọ̀rọ̀ gaara. Ṣọlápé ni ó gbé e lọ fún Adéníjì. Ó ní kò gba owó.

Nígbà tí mo pàdé rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù. Ẹni tí ó ní kí n fara balẹ̀ ní ọjọ́sí! Ẹni tí ó bá dọ̀bálẹ̀ jù báyìí, nǹkan kan ni ó ń wá nílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kẹsàn-án

Mo dá a dúró lónìí. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í léèrè, bí ẹni tí ó kàn ń rántí nǹkan àtijọ́.

“Adéníjì, odò ńlá yẹn, èyí tí ó wà kí a tó dé abúlé Gashaka. Báwo ni ẹ ṣe kọjá rẹ̀?”

“Afárá wà níbẹ̀, Mà. Afárá onírin.”

“Àwọ̀ wo ni wọ́n kùn ún?”

Ó wo ilẹ̀. “Ó... pupa ni, Mà. Pupa ni.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe afárá síbẹ̀ lẹ́yìn tiwa, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún tí ó sọ fún àwọn ọmọ pé òun lọ, àwa náà lọ ní ọdún náà. Bàtà wa ni a so kọ́ ọrùn, omi dé ìbàdí, Sẹ̀gilọlá sì ń kígbe Jésù. Afárá kò sí.

Mo sọ fún Bùnmi. Ó ní, “Màmá, ìfura yín ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ yìí rí ayé.”

Ṣọlápé gbọ́ wa láti yàrá. Ó jáde pẹ̀lú omi lójú. “Ẹ kàn fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ gun òkè yẹn ni!”

Mo ní kí ó padà sí yàrá rẹ̀, a kì í bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó padà. Ọ̀rọ̀ náà kò bá a padà. Mo yẹ ọkàn mi wò bóyá òótọ́ ni, mo sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n omi odò kò mọ ẹni tí ó ń jowú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Omi bo ọ̀nà Ìbà. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n jáde. Ṣọlápé kò bá mi sọ̀rọ̀ ju “ẹ káàárọ̀” lọ.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ sí Àlàbá fúnra mi. Àwọn alárù tí wọ́n ń ru fíríìjì kò wo arúgbó kí wọ́n tó kọjá, mo fi igi mi ṣe ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀bù Adéníjì kéré, ẹ̀rọ sì kún un dé òkè àjà. Ó rí mi, ó ju irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé àga onírọ̀rí kan jáde, ó nù ún. N kò jókòó.

“Adéníjì, ìwọ kò dé Gashaka rí.”

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra.”

“Ta ni ó sọ ìtàn ìró yẹn fún ọ?”

Ó nawọ́ pa ẹ̀rọ tí ó ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Lẹ́yìn náà ó ní, “Dádì ni, Mà. Dádì Bùnmi.”

Mo ní irọ́ ni.

“Ibi àga yìí ni wọ́n máa ń jókòó sí. Ojoojúmọ́, Mà. Wọ́n ní ẹ rò pé àwọn lọ ta dráàfù ní Ìyànà-Ìbà.”

“Ó ta dráàfù.”

“Wọn ò lè ta á mọ́, Mà. Ọdún tó kẹ́yìn yẹn, wọn ò mọ ọmọ ayò tó jẹ́ tiwọn mọ́.”

Mo di ẹnu ilẹ̀kùn mú. Ní ilé, ní ọdún náà, ohunkóhun tí mo bá bi ọkọ mi, èsì kan ni ó máa ń fún mi: “Bí o bá ṣe wí náà ni.” Mo rò pé ìwà rere ni. Mo tilẹ̀ ń fi í yangàn fún Sẹ̀gilọlá pé ọkọ mi ti wá gbọ́ràn ní ọjọ́ ogbó. Kò fẹ́ kí n mọ̀ pé nǹkan ń bọ́ lọ́wọ́ òun.

Adéníjì kò gbójú sókè. Ó ní, “Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ ìtàn òkè yẹn fún mi. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n á ní, ‘Níjì, kí ló tún ṣẹlẹ̀?’ Tí mo bá ti ní, ‘Ẹ̀yin lẹ ṣe báyìí báyìí, Dádì,’ inú á bí wọn. Wọ́n á ní àwọn ò débẹ̀ rí, kí n má purọ́ mọ́ àwọn. Àmọ́ tí mo bá ní, ‘Èmi ni mo ṣe é,’ wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un ṣe fún mi. ‘Rárá, Níjì, apá òsì lo gbà.’ Bí mo ṣe ń sọ ọ́ bí tèmi nìyẹn, Mà. Nígbà tí wọ́n lọ, ẹnu mi ò yí padà mọ́.”

“Àti ṣòkòtò tí ó ya?”

“Tiwọn ni, Mà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ yá wọn ní ìró.”

Mo jókòó sórí àga náà.

Ó ti gbàgbé ọmọ ayò, ó ti gbàgbé pé òun dé orí òkè, ṣùgbọ́n kò gbàgbé láti fi ìtìjú mi sórí ara rẹ̀. N kò sunkún ní Àlàbá. A kì í sunkún ní ọjà.

Mo wá bi í nípa afárá.

“Ẹ má bínú, Mà. Èmi ni mo fi í kún un. Ibi tí ẹ ti kọjá odò yẹn, wọn ò rántí rẹ̀ rárá. Ìtàn náà á kàn dúró létí omi. Mo ní kí n bá wọn ṣe afárá sí i, kí wọ́n lè kọjá.”

Mo sọ bí odò náà ṣe ń rí ní oṣù Kẹwàá fún un. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òun rò pé òjò òkè Ọya ti máa ń tán ní ìgbà náà. Mo ní, “Ọmọ mẹ́sàn-án ni o fẹ́ kó lọ dúró létí omi, Adéníjì. Ìfẹ́ tí o ní sí ọkọ mi kò lè gbé ọ̀kankan nínú wọn kọjá.” Mo ní kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òtítọ́ fún wọn ní ìpàdé. Ó ní òun gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

Adéníjì rán Bùnmi sí mi. Ṣé kò ní dára kí òun kàn sọ pé ọ̀nà kò dára, kí wọ́n sún un síwájú? Rárá. Ẹni tí ó bá sún irọ́ síwájú yóò bá a níwájú.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá

N kò fọkàn tán Adéníjì. Ó ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá ilé wa láti ọjọ́ Ajé. Àwọn ọmọ ṣì ń kọ̀wé lórí Wọ́sáàpù nípa bàtà àti súwẹ́tà, kò sì dá wọn lóhùn bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo rí àpò Ṣọlápé lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti kún. Bí ó bá gbé wọn lọ láìsọ fún mi ńkọ́? Ìtìjú ti ti àwọn ọkùnrin tí ó gbọ́n jù ú lọ sínú omi.

Mo bi Bùnmi léèrè bóyá òun yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ó ní, “Màmá, ọmọ ogún ọdún?” Mo gbé kọ́kọ́rọ́ géètì sábẹ́ ìrọ̀rí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá

Adéníjì wá. Ìpàdé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, mo ti ń wá igi mi láti dìde sọ ọ́ fúnra mi, nígbà tí ó dìde. Ó ṣí fìlà, ó ká a lọ́wọ́.

Ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọmọ, mi ò gun òkè kankan rí. Mi ò tíì kọjá Ìlọrin láyé mi.”

Ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín dáradára. Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, “Búọ̀dá Níjì ọmọ Gashaka! Ṣé ẹ ò ní ró ìró fún wa wò?” Òmíràn ní kí wọ́n máa pè é ní Afárá Pupa, nítorí ó ti sọ ìtàn afárá náà fún àwọn náà. Mo wo Adéníjì. Kò sá. Ó dúró síbẹ̀, fìlà ń yí lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣọlápé kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dà bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo dìde. Mo ní kí ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ ìró dìde dúró kí n rí i. Ó dìde.

Mo ní, “Síkẹ́ẹ̀tì tèmi ni ó ya.”

N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí a ń gbà sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, bí mo ṣe fi ìdí yọ̀ lọ sísàlẹ̀, ṣòkòtò ọkọ mi tí mo fi okùn àgọ́ dì mọ́ra, àti òun tí ó ń rìn níwájú nínú ìró bí ẹni ń lọ sí ìpàdé ìyá ìjọ. Mo sọ odò náà bí ó ti rí. Mo sọ ẹni tí ó ń sọ ìtàn yìí fún ọkọ mi nígbà tí kò lè sọ ọ́ fún ara rẹ̀ mọ́. Bùnmi, tí kò gbọ́ èyí rí, fi gèlè bo ojú.

Ẹ̀rín tún sọ, ó yàtọ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín mi, èmi Adébímpé, ní gbangba, n kò sì kú.

Ṣọlápé ni ó béèrè pé, “Màmá, ṣé a ò lọ mọ́ ni?”

Ohun tí mo wí fún wọn ni mo kọ síhìn-ín, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò gbọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní Èkó ní ọjọ́ kejìdínlógún. Kí Adéníjì kọ̀wé sí ọ́fíìsì igbó ọba náà, kí ó béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, bóyá àlàáfíà wà níbẹ̀, àti bí wọn yóò ṣe fún wa ní atọ́nà ní oṣù Kìíní. Bí wọ́n bá ní kí a má wá, a kò ní lọ. Láti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí olúkúlùkù gbé ẹrù sẹ́yìn, kí ó bá mi rìn títí dé Ìbà, kí a sì padà. N kò lè yára, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yára jù mí lọ. Kí Adéníjì máa rìn kẹ́yìn gbogbo wa, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà lẹ́yìn òun.